Ẹ má tíì pe ẹni tó máa yí díìṣì, ẹ kọ́kọ́ tú kọ̀nẹ́kítọ̀ wò

Òjò tó bá kọ́kọ́ rọ̀ ní Ifẹ̀ lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀, mo ti mọ̀ wípé fóònù mi ò ní sinmi lọ́sẹ̀ yẹn. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, atẹ́gùn ti yí díìṣì wa o." Màá gun ọ̀kadà lọ sí Parakin tàbí Modákẹ́kẹ́, màá gbé àkàbà ti ògiri, màá gòkè, díìṣì ò yí síbì kankan, ojú ẹ̀ ṣì wà níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e, ìlà oòrùn, apá ibi tí sátẹ́láìtì DStv wà ní digírì 36. Kọ̀nẹ́kítọ̀, nǹkan kékeré tó wà lẹ́nu wáyà lábẹ́ LNB (orí tó dojú kọ díìṣì, tó ń gba sígínà), tí kò ju orí ìka lọ, òun ló kú. Ẹ bá mi tú u, omi á ṣẹ́ jáde, ẹ máa rí ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé nínú ẹ̀, nígbà míì ọ̀pá bàbà àárín á ti jẹ tán, á ku ṣóńṣó bí eyín eku. Èmi náà ti yí díìṣì tí ò ṣẹ èèyàn rí kí n tó gbọ́n o, mo yí i láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, mo wá sọ èyí tó dúró dáadáa di èyí tí ò rí nǹkan kan mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ọ̀rọ̀ òjò fúnra ẹ̀ kúrò níbẹ̀. Tí òjò ńlá bá ń rọ̀ lọ́wọ́ tí sígínà lọ, tó wá padà nígbà tí òjò dá, kòsí ẹ̀bi kọ̀nẹ́kítọ̀ níbẹ̀, ìgbì tí díìṣì ilé ń gbà yìí, omi òjò máa ń fà á mu lójú ọ̀run ni, kò sẹ́ni tó lè bá ìyẹn jà. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ti dá, tí wákàtí méjì kọjá, tí àwòrán ṣì ń fọ́ wẹ́wẹ́, tí E48-32, kódù tó ń sọ wípé kò sí sígínà, tí gbogbo ẹni tó ń lo DStv mọ̀ bí orúkọ àna wọn, ò kúrò lójú TV, ẹ lọ wo ẹnu wáyà. Tó bá sì jẹ́ wípé láàárọ̀ kùtù tí ìrì sẹ̀ ló máa ń dáṣẹ́ sílẹ̀, tí oòrùn bá mú lọ́sàn-án á tún dára padà, ẹ má wulẹ̀ wo ibòmíì, omi ló ń gbé nínú kọ̀nẹ́kítọ̀ yín.

Àmì kan tún wà táwọn èèyàn kì í fura sí, ìyẹn ni kí àwọn ṣánẹ́ẹ̀lì kan máa ṣiṣẹ́ dáadáa kí àwọn tó kù má wá rárá. Inú wáyà yẹn náà ni dikódà ń gbà fi iná ránṣẹ́ sí LNB lókè, fóòtì 13 tó bá fẹ́ apá kan nínú ṣánẹ́ẹ̀lì, fóòtì 18 tó bá fẹ́ apá kejì. Tí ẹnu wáyà bá ti dípẹtà, 18 tó kúrò nínú ilé lè má pé 18 mọ́ tó bá fi máa dókè, LNB á rò wípé 13 ni wọ́n ń wí, apá kejì á wá dàwátì. Iná yìí kan náà ló jẹ́ kí omi burú níbẹ̀ ju ibòmíì lọ, torí bàbà tí omi wà lára ẹ̀ tí iná tún ń gba inú ẹ̀ kọjá, ńṣe ló máa ń jẹ bí igi tí ikán wọ̀, láìpariwo, ẹ ò ní mọ̀ àfi lọ́jọ́ tó já.

Orúkọ kọ̀nẹ́kítọ̀ yìí ni F. Eric Winston ló ṣe é nílé iṣẹ́ Jerrold ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1950, fún TV oníwáyà ayé ìgbà náà. Ohun tó jẹ́ kó pọ́kú ni wípé kò ní abẹ́rẹ́ tiẹ̀, ọ̀pá bàbà tó wà láàárín wáyà yín gan-an ló máa yọ jáde tó máa di abẹ́rẹ́ tó ń wọ inú LNB àti inú dikódà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn dáadáa torí òun lọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀, ẹ lè ra kọ̀nẹ́kítọ̀ tó dáa jù ní gbogbo Lágéré, tí ẹ bá fi sórí wáyà jákujàku, abẹ́rẹ́ jákujàku náà lẹ ní.

Nítorí náà wáyà la ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára èèpo ẹ̀, RG6 lẹ fẹ́. Ọ̀pá àárín RG6 nípọn tó mìlímítà kan, tí ẹ bá sì wọ̀n ọ́n mọ́ èèpo ó máa tó bíi mìlímítà 7. RG59 tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ, ọ̀pá ẹ̀ bíi 0.8, ara ẹ̀ bíi 6, wáyà kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe, ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń tà á fún oní-díìṣì torí ó dẹ̀ lọ́wọ́. Mìlímítà kan péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ojú lásán lè má tètè rí i, ṣùgbọ́n kọ̀nẹ́kítọ̀ RG6 lórí RG59 dà bí ọmọ tó wọ bàtà bàbá ẹ̀, á kàn máa gbé e rìn ni, kò dì í mú. Oríṣi RG6 kan tún wà tí irun (àwọn wáyà wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ èèpo) àti fọ́ìlì inú ẹ̀ jẹ́ ìpele mẹ́rin, òun náà sanra ju RG6 lásán, kọ̀nẹ́kítọ̀ tó máa gbà á ti yàtọ̀, àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ sára páálí wípé ó ń gba méjèèjì. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ tó, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ gé wáyà yín bíi ìka kan dání, ẹ ki kọ̀nẹ́kítọ̀ bọ̀ ọ́ níwájú ẹni tó ń tà á, ẹnu ò ṣeé fi wọn wáyà.

Kí ẹ tó kúrò lórí wáyà, ẹ wá mágínẹ́ẹ̀tì, kódà ti sípíkà tó ti bàjẹ́, ẹ fi kan ọ̀pá àárín yẹn. Tó bá fà á, irin ni wọ́n ra bàbà sí lára, bàbà gidi kọ́. Kì í ṣe wípé ìyẹn ò ní gbé àwòrán wá o, ìgbì TV ojú awọ ọ̀pá náà ló ń gbà, ara bàbà tí wọ́n fi bò ó ti tó fún un. Iná fóòtì 13 àti 18 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló ń gba inú irin yẹn pẹ̀lú wàhálà. Láti orí òrùlé sí pálọ̀ ilé kan kò burú, ṣùgbọ́n tí wáyà yín bá máa gùn tó mítà ọgbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíi ilé alájà mẹ́ta táwọn ọmọ Great Ife ń gbé tí gbogbo yàrá ń fa wáyà tiẹ̀ látorí òrùlé, ẹ wá èyí tí bàbà ẹ̀ jẹ́ bàbà dé inú.

Ó ku kọ̀nẹ́kítọ̀ fúnra ẹ̀. Oríṣi mẹ́ta lẹ máa bá lórí káńtà. Èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ lọ́ mọ́ wáyà ló kún ìgboro, òun ló pọ́kú jù, òun náà sì ni òkú tí mo máa ń bá lókè òrùlé. Kò di wáyà mú rárá, eyín inú ẹ̀ kàn bu èèpo wáyà jẹ díẹ̀ ni, oòrùn á mú un wú, òtútù òru á mú un súnkì, atẹ́gùn á máa mi wáyà, á wá máa tú padà ní díẹ̀díẹ̀ láìsẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, omi á sì máa gba ìdí ẹ̀ wọlé bó ṣe wù ú. Nínú ilé lẹ́yìn dikódà, tí kò bá sówó, ẹ fara mọ́ ọn, àmọ́ lókè lójú òjò, rárá o. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń fún ìdí ẹ̀, ó sàn díẹ̀ tó bá jẹ́ púláyà tiẹ̀ gan-an tí ẹnu ẹ̀ ní igun mẹ́fà ni wọ́n fi fún un, ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ló ní in, púláyà tí wọ́n fi ń já ìṣó náà ni wọ́n á fi tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, fóòmù funfun inú wáyà á pẹlẹbẹ pẹ̀lú, ibi tí fóòmù bá sì ti pẹlẹbẹ, sígínà ò ní gba ibẹ̀ kọjá dáadáa mọ́. Kódà tí wọ́n bá fún un bó ṣe yẹ, ohun tó ní igun mẹ́fà ò lè wọ ara ohun tó rí roboto kó má sí àlàfo, omi ò sì bèèrè ju àlàfo tín-ín-tín lọ.

Ẹ̀kẹta ni compression. Orúkọ yẹn náà ni kí ẹ pè é ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n máa mọ̀ ọ́n. Ìdí ẹ̀ ní òrùka kan tó yọ síta, irinṣẹ́ tiẹ̀ ló máa ń ti òrùka yẹn wọlé, tí òrùka bá wọlé á fún èèpo wáyà yíká-yíká láìfi ibì kankan sílẹ̀, ẹ máa gbọ́ tó dún "kọ́!", ó parí nìyẹn, ẹ lè fa wáyà yẹn tagbára-tagbára kò ní yọ. Òun ni kí ẹ rà. Mo mọ̀ wípé ó wọ́n ju onílílọ́ lọ, ṣùgbọ́n méjì péré ni ilé kan nílò fún wáyà kan, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, ẹ fi wé owó ọ̀kadà àti owó iṣẹ́ tí ẹ ń san fún ẹni tó ń wá yí díìṣì yín lọ́dọọdún.

Gbogbo compression náà ò sì dọ́gba. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ṣe ara ẹ̀, torí lójú gbogbo wọn ló ń dán bákan náà, nickel ni wọ́n fi bò wọ́n. Ẹ fi orí bíléèdì ha ibi tó fara sin díẹ̀, tí inú ẹ̀ bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi agogo, idẹ ni, ẹ mú un. Tó bá jẹ́ eérú-eérú tàbí funfun, síǹkì tí wọ́n yọ́ dà sínú mọ́ọ̀dù ni, eyín ẹ̀ kì í pẹ́ yìnrìn, ó sì lè fọ́ lẹ́nu sípánà. Idẹ máa ń wúwo lọ́wọ́ díẹ̀ ju èkejì lọ, ẹni tó ti mú méjèèjì dání lẹ́ẹ̀kan ò ní ṣì í mú mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ki ojú bọ inú ẹ̀, ó yẹ kí ẹ rí òrùka rọ́bà kékeré nídìí nọ́ọ̀tì àti nínú ọ̀fun tí wáyà ń gbà wọlé, èyí tí ò bá ní rọ́bà kankan, inú ilé ni kó gbé. Ẹ fọwọ́ yí nọ́ọ̀tì orí ẹ̀ wò bóyá ó ń yí wẹ́rẹ́. Ní ti àwọn tó jẹ́ aláwọ̀ wúrà tí wọ́n ń fi owó lé lórí, ẹ gbé e sílẹ̀ fún wọn, ọ̀dà lásán ni, òjò ò mọ wúrà.

Bóyá ìdí tí mo fi ń pariwo tó báyìí ni ọ̀rọ̀ àǹtí mi kan ní Ìsọ́kùn, ní Iléṣà. Wọ́n gba ẹnì kan láti gbé díìṣì, ó gbowó pé, oṣù kẹta òjò wọ̀ ọ́. Ó padà wá, ó ní LNB ló jó, wọ́n ra LNB tuntun. Òjò tún wọ̀ ọ́, ó ní dikódà ló ní wàhálà. Ìgbà náà ni wọ́n tó pè mí láti Ifẹ̀. Mo tú ẹnu wáyà lókè, onílílọ́. Mo tú tìsàlẹ̀, onílílọ́. Mo wá ń tọ wáyà lọ lábẹ́ páànù, mo rí ibi tó ti so wáyà méjì pọ̀, onílílọ́ méjì tún ni, ó wá fi náílọ̀n omi pure water wé e! Nígbà tí mo gé èèpo wáyà, irun inú ẹ̀ ti dúdú tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, omi ti gba inú irun yẹn rìn bí epo ṣe ń gun òwú fìtílà. LNB tí wọ́n ní ó jó, mo fi wáyà tuntun dán an wò, ó ń ṣiṣẹ́ kíkan. Ẹ̀yin náà mọ Ìjẹ̀ṣà, òṣómàáló ni wọ́n, àǹtí gbé àpótí lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù bọ̀ọ̀dá yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n jókòó, wọ́n ń pín gúgúrú fún àwọn oníbàárà ẹ̀, wọn ò dìde títí ó fi dá owó LNB padà. Mo fi compression mẹ́rin ṣe tiwọn, òjò ọdún méjì ti kọjá lórí ẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe é fúnra yín, ẹ yọ iná dikódà kúrò lára ògiri kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà, torí tí irun wáyà bá gbá ọ̀pá àárín nígbà tí iná wà lórí ẹ̀, ẹ lè fi dikódà ṣòfò. Tí òjò bá ṣú, ẹ má gun nǹkan kan, mànàmáná ò mọ ẹni tó ń tún TV ṣe.

Irinṣẹ́ tó ń ṣí wáyà wà, ó ní bíléèdì méjì, ó ń gé ìpele méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, òun ló dáa. Tó bá jẹ́ ọ̀bẹ lẹ máa lò, ẹ ṣe é pẹ̀lẹ́. Ọ̀pá bàbà máa yọ níhòòhò bíi mìlímítà 6, ẹ̀yìn ẹ̀ ni fóòmù funfun tó ṣì ní fọ́ìlì lára máa yọ bíi mìlímítà 6 míì, irun wáyà lẹ máa wá ká padà sẹ́yìn sórí èèpo yíká. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀bẹ sá ọ̀pá bàbà, ibi tó bá sá ló máa kán, ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí irun kan ṣoṣo má ṣubú kan bàbà, ẹyọ kan ti tó láti pa gbogbo ẹ̀ kú. Tí awọ funfun tín-ín-rín bá ṣì lẹ̀ mọ́ bàbà, ẹ fi èékánná ha á kúrò, ẹ má fi ọ̀bẹ ha á. Ẹ wá ti kọ̀nẹ́kítọ̀ bọ̀ ọ́, ẹ máa ti ẹ máa yí, ó máa le díẹ̀, àfi ìgbà tí ẹ bá wo inú ẹ̀ tí ẹ rí i wípé fóòmù funfun ti bá ilẹ̀ inú kọ̀nẹ́kítọ̀ dọ́gba, tí ọ̀pá bàbà sì yọ kọjá ẹnu nọ́ọ̀tì díẹ̀, bíi mìlímítà 2 sí 3. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí, wọn kì í tì í dé ìdí. Ẹ fi irinṣẹ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ fà á wò.

Irinṣẹ́ compression yẹn, ẹ ò ní láti rà á tó bá jẹ́ ilé kan péré. Ẹ jùmọ̀ dá a ní kọ́ḿpáùndì, tàbí kí ẹ bi ẹni tó fẹ́ wá ṣe é bóyá ó ní in, tó bá sọ wípé púláyà náà ń ṣe é, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kí ẹ pe ẹlòmíì.

Tí ẹ bá ń de nọ́ọ̀tì mọ́ LNB, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ dè é títí kò fi lè lọ mọ́, kí ẹ wá fi sípánà 11 fi ìdá mẹ́rin ìyíká kan kún un, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń fi agbára dè é bíi nọ́ọ̀tì táyà máa fa ẹnu LNB ya.

Bí kọ̀nẹ́kítọ̀ ṣe dáa tó, ẹ bò ó. Téèpù rọ́bà tí kò ní gọ́ọ̀mù, tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀ tí ẹ bá fà á, òun ni, ẹ fà á kó gùn tó ìlọ́po méjì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wé e látìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ìyíká kọ̀ọ̀kan gun ìdajì èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń to páànù òrùlé gẹ́lẹ́, omi tó bá bọ́ sórí ẹ̀ á ṣàn kọjá. Lẹ́yìn ẹ̀ ẹ fi téèpù dúdú iná bò ó torí oòrùn. Téèpù iná nìkan ò tó o, gọ́ọ̀mù ẹ̀ máa yọ́ nínú oòrùn, á wá ṣí sílẹ̀ bí ètè, á gba omi, kò sì ní jẹ́ kó jáde. Àwọn kan máa ń fi sílíkónì dí i, ẹ gbóòórùn ẹ̀ kí ẹ tó rà á, èyí tó bá ń rùn kíkan bíi fínígà máa jẹ irin àti bàbà, kò yẹ kó súnmọ́ ibẹ̀.

Kí wáyà tó wọ ilé, ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ kọjá ihò ògiri, kó tẹ̀ bíi ìdí igbá, kó tó gòkè padà wọlé, omi tó ń tọ ara ẹ̀ bọ̀ á kán sílẹ̀ níbi tó tẹ̀ yẹn dípò kó wọlé bá dikódà. Ẹ má sì ṣẹ́ ẹ ní igun bí ẹni ká ìwé o, kó tẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ní ti sísopọ̀, èyí tó dáa jù ni kí ẹ má so wáyà rárá, ẹ ra gígùn tó máa dé. Tó bá di dandan, ẹ bèèrè jọ́ínà tó lè gbé tó 3 GHz (ìyẹn 3000 MHz), àárín ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ búlúù, torí ohun tó ń bọ̀ látọ̀dọ̀ LNB wà láàárín 950 sí 2150 MHz, àwọn jọ́ínà àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún eriálì kì í gbé e dé òkè yẹn dáadáa. Ẹ fi í sínú ilé, kó má wà lójú òjò.

Kọ̀nẹ́kítọ̀ compression tí ẹ bá ti tẹ̀ kò ṣeé yọ lò padà, gígé ni wọ́n ń gé e. Torí náà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ṣe é, ẹ má fa wáyà le gbagidi dé ẹnu LNB, ẹ ká bíi ẹsẹ̀ bàtà méjì jọ sára ọ̀pá díìṣì, ẹ fi táì dè é wẹ́rẹ́, kí ẹni tó máa tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú lè rí nǹkan gé.